Bí A Ṣe Ń Lo Septrin Ìdènà Láì Sọ Kòkòrò Di Alágídí

"Àǹtí, oògùn HIV ti yé mi. Hóró funfun ńlá yìí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe Septrin tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì nìyí? Kò kúkú sí ibi tó ń dùn mí."

Bí ẹni tuntun bá ti gba oògùn tán ní kílíníìkì, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Òun náà ni. Septrin ni à ń pè é nígboro, cotrimoxazole ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Oògùn méjì ni wọ́n pò pọ̀ sínú hóró kan ṣoṣo, sulfamethoxazole àti trimethoprim. Ańtíbáyótíìkì ni. Kì í ṣe torí kí ẹ fi wo àìsàn ni wọ́n ṣe fún yín, torí kí àìsàn má baà rí àyè wọlé ni.

Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé, èlùbọ́ ni mò ń tà. Lọ́jọ́ kílíníìkì, mo máa ń jókòó nítòsí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì láti bá àwọn tuntun sọ̀rọ̀, nítorí èmi náà ń lo oògùn kan náà. Ọ̀rọ̀ a máa tètè wọ èèyàn létí bó bá jáde lẹ́nu ẹni tí ọ̀ràn kàn. Èmi kì í ṣe dọ́kítà o. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni mò ń kọ síbí, pẹ̀lú ohun tí ojú mi ń rí lọ́jà tó ń bí mi nínú. Bí kílíníìkì yín bá wo ara yín, tí wọ́n sì sọ ohun tó yàtọ̀ sí tèmi, tiwọn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ara

HIV a máa pa sójà ara, àwọn tí wọ́n ń kà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CD4. Tí wọ́n bá ti dín kù, kòkòrò tí ara tó le kì í kà kún á wá di ọ̀gá. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Pneumocystis. Òun ló ń fa irú òtútù àyà kan tí èèyàn á máa wú ikọ́ gbígbẹ, tí á máa mí hẹlẹ lórí ìjókòó. Òmíràn ni toxoplasma, tó máa ń lọ ba sínú ọpọlọ. Septrin ń dènà àwọn méjèèjì. Ó ń dín òtútù àyà tó wọ́pọ̀ kù, ó ń dín irú ìgbẹ́ gbuuru kan kù, ó sì ń dín ibà kù.

Ibà yìí gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀ sí ti ìlú òyìnbó. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní níbi tí ibà tàbí àrùn bakitéríà tó le bá ti wọ́pọ̀, kí wọ́n fún ẹni tó ní HIV ní oògùn yìí láì wo iye CD4 rẹ̀. Níbi tí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí CD4 rẹ̀ jẹ́ 350 tàbí tó kéré sí i, tàbí ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti wọ ìpele kẹta tàbí ìkẹrin, ni wọ́n ń fún. Ẹni tó bá ti sùn láìsí nẹ́ẹ̀tì ní Èkìtì lásìkò òjò mọ apá ibi tí àwa wà.

Wọn ò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa. Abidjan ní Côte d'Ivoire ni wọ́n ti dán an wò, àbọ̀ ìwádìí méjì sì jáde láti ibẹ̀ ní 1999. Ní 2000, WHO àti UNAIDS, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ HIV, ní kí wọ́n máa lò ó nílẹ̀ Áfíríkà. Ti Zambia, tó jáde ní 2004, ni mo fẹ́ràn jù láti sọ. Àwọn ọmọdé tó ní HIV ni wọ́n fún. Bakitéríà tí Septrin ò ràn mọ́ ti pọ̀ níbẹ̀, yàrá àyẹ̀wò ti fi hàn bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ikú láàárín àwọn ọmọ tó lò ó fi ìdá 43 nínú 100 dín sí ti àwọn tí kò lò ó. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé "kòkòrò ti mọ Septrin ní Nàìjíríà, ẹ má wulẹ̀ gbé e mì," ẹ bi í bóyá ó ti gbọ́ ti Zambia.

Bí ẹ ó ṣe máa lò ó

Kí ẹ tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì, ẹ kọ́kọ́ la ẹnu. Ǹjẹ́ Septrin tàbí Fansidar, oògùn ibà, ti mú kí ara yín sú rí, kí ojú yín wú, tàbí kí ètè yín bó? Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sulfa ló wà nínú àwọn méjèèjì, ara tó bá ti kọ ọ̀kan lè kọ ìkejì. Ǹjẹ́ kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ń yọ yín lẹ́nu? Ǹjẹ́ ẹ ń lo lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru? Òun àti Septrin lè jọ mú kí èròjà potassium pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn a sì máa ṣe ọkàn ní jàǹbá. Àwọn àgbà wa tó ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru níbì kan, tí wọ́n ń gba ti HIV níbòmíràn, tí ibì kan ò gbọ́ nípa ìkejì, àwọn gan-an ni mò ń bá wí. Ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú ọ̀rá kan, ẹ gbé e ka iwájú dọ́kítà. Kò sí àlàyé tó dà bíi kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Àgbàlagbà ń lo miligíráàmù 960 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Hóró oríṣi méjì ló wà nígboro, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti 960, èyí tó tóbi, ọ̀kan ṣoṣo ni. Tó bá jẹ́ ti 480, tó kéré sí i, méjì lẹ́ẹ̀kan náà ni. Bí wọ́n bá pààrọ̀ oríṣi tí wọ́n ń fún yín, iye hóró á yí padà, ṣùgbọ́n oògùn ò pọ̀ sí i, kò sì dín kù. Inú agolo ńlá ni wọ́n ti sábà máa ń kà á fún wa sínú ọ̀rá pélébé, nítorí náà ẹ wo ohun tí wọ́n fi báírò kọ sí i lára. Tí ìwé náà ò bá ṣeé kà, ẹ má tíì kúrò lójú fèrèsé oògùn. Ẹ bèèrè, kódà bí èrò tó wà lẹ́yìn yín bá ń pòṣé.

Ife omi kan gbáko ni kẹ́ ẹ fi gbé e mì, kẹ́ ẹ sì máa mu omi dáadáa jálẹ̀ ọjọ́, torí kíndìnrín ni oògùn náà ń gbà jáde. Nígbà ọyẹ́ pàápàá, tí òùngbẹ kì í tètè gbẹ èèyàn, ẹ má dúró kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹ lè lò ó lórí oúnjẹ, ẹ lè lò ó láìjẹun. Tí inú bá ń rìn yín, ẹ kọ́kọ́ jẹun. Ẹ so ó mọ́ àsìkò tí ẹ fi ń lo hóró HIV yín kí ọ̀kan lè máa rán yín létí èkejì. Tí ẹ bá gbàgbé láàárọ̀ tí ẹ rántí lálẹ́, ẹ lò ó. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kejì lẹ rántí, ti ọjọ́ náà nìkan ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo ìlọ́po méjì.

Ààwẹ̀ kì í ṣe ìdí láti dáwọ́ dúró. Lóṣù Ramadan, ẹ lè lò ó ní sààrì tàbí nígbà ìṣínu. Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ máa ń gbààwẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ náà, ẹ gbé e sí alẹ́. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi ìgbàgbọ́ da oògùn nù, ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ relé lọ lo oògùn yín.

Bí ara bá kọ̀ ọ́

Ara tó ń yún yín díẹ̀, tó sú wínníwínní, tí ẹnu àti ojú ò mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ lọ fi han kílíníìkì, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ṣùgbọ́n bí ara bá ń sú tí awọ ń bó tàbí tó ń ro, tí egbò yọ sí ẹnu tàbí ojú ara, tí ojú pọ́n, tí ibà bá a rìn, ẹ dáwọ́ oògùn dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì ọjà. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, àmọ́ a máa pa èèyàn. Ojú tó yí sí yẹ́lò, tàbí kí ó máa rẹni, kí àtẹ́lẹwọ́ funfun báláú, ẹ má fi ṣe "iṣẹ́ oko ló pọ̀." Septrin lè mú ẹ̀jẹ̀ dín kù, ó sì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí a bí pẹ̀lú àìtó èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD. Ẹni tí Septrin bá bá ara rẹ̀ jà, wọ́n ní oògùn mìíràn tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀. Kí ó ṣáà rí i pé wọ́n kọ ọ́ sára káàdì òun.

Aláboyún àti ọmọ ọwọ́

Aláboyún tó ń lo Septrin ojoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ lo Fansidar, èyí tí wọ́n máa ń fún àwọn aláboyún ní hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà láti dènà ibà. Septrin tó ń lò ti ń ṣe iṣẹ́ ibà yẹn, àti pé sulfa lórí sulfa ni. Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí nìyí: obìnrin kan ń gba oògùn HIV ní Adó, ó ń lọ ṣe ìtọ́jú oyún nílùú tirẹ̀ níbi tí kò ti sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé hóró mẹ́ta àti ife omi lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó gbé e mì lójú wọn. Ojú ń tì í láti sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ọ̀nà àbáyọ wà. Kó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan," kó fi káàdì rẹ̀ hàn án ní kọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó pọn dandan kí ẹni tó jókòó tì í gbọ́. Tí kò bá lè sọ ọ́ rárá, kó ní, "Ara mi kì í gba Fansidar, mo ń lo Septrin." Ìyẹn náà á dá wọn dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, kó padà sọ ọ́ fún àwọn ará kílíníìkì HIV rẹ̀ kí wọ́n bá a tún un ṣe.

Ọmọ tí ìyá tó ní HIV bí ń bẹ̀rẹ̀ Septrin olómi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kódà bí àyẹ̀wò kò bá tíì sọ pé ó ní in. Á máa lò ó títí tí wọ́n á fi já a lẹ́nu ọmú, tí àyẹ̀wò ìkẹyìn á sì fi hàn pé kò ní in. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ń lo miligíráàmù 120 lóòjọ́. Láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, 240. Nínú ìgò tí wọ́n bá kọ 240 nínú mílílítà 5 sí lára, 2.5 ni ti ìkókó, 5 ni ti èyí tó dàgbà díẹ̀. Ẹ mi ìgò náà dáadáa. Oògùn a máa sùn sísàlẹ̀, tí ẹ kò bá mì í, omi adùn ni ọmọ ń mu lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, oògùn tó ki ni yóò mu nígbà tó bá ń tán lọ. Síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí tí ẹ fi ń ro kọfí. Ẹ fi ẹnu síríńjì náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ nínú, kẹ́ ẹ máa tì í díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yìn ín sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tààrà, á tu ú sí yín láṣọ.

Bí kòkòrò ṣe ń di alágídí

Bakitéríà nílò èròjà kan tí wọ́n ń pè ní folate. Àwa èèyàn ń rí i jẹ nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Ọ̀pọ̀ bakitéríà ló jẹ́ pé fúnra wọn ni wọ́n ń pèsè tiwọn. Ibi méjì ni Septrin ti ń dínà mọ́ iṣẹ́ ìpèsè náà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ oògùn méjì nínú hóró kan. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀kẹ́ àìmọye bakitéríà tó ń gbé ìfun wa, àwọn kan wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń fò ó kọjá. Àwọn àgbẹ̀ Èkìtì tó ń fín oògùn koríko á tètè mọ ohun tí mò ń sọ: bó bá jẹ́ oògùn kan náà ni wọ́n ń fín lọ́dọọdún, koríko tí oògùn náà ò ràn ló máa gba oko. Ti bakitéríà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí wọ́n máa ń fi ọgbọ́n náà fún ara wọn. Èyí tó ní in lè fún èyí tí kò ní in, kódà tí wọn kì í bá ṣe irú kan náà.

Septrin ojoojúmọ́ wa yìí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó, bó bá pẹ́, bakitéríà inú ìfun rẹ̀ tí Septrin ò ràn á máa pọ̀ sí i. Àwọn dọ́kítà mọ̀. Wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n sì rí i pé àǹfààní rẹ̀ fún ẹni tí sójà ara rẹ̀ ti dín kù ju gbèsè yẹn lọ. Èmi náà gbà pẹ̀lú wọn. Àmọ́ gbèsè ni, ó sì yẹ kí ẹni tó ń jẹ ẹ́ mọ̀ pé òun ń jẹ ẹ́, kó má baà lọ dá òmíràn kún un.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ẹ má fi Septrin wo ara yín nígbà tí àìsàn bá dé. Tí ìtọ̀ bá ń ta yín, tí ẹ sì ń lo Septrin lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kòkòrò tó ti mọ Septrin ló wà níbẹ̀. Pé kẹ́ ẹ wá sọ ọ̀kan di mẹ́rin ò lè pa á, inú yín nìkan ló máa dàrú. Òótọ́ ni pé ní ọsibítù, wọ́n máa ń fi Septrin kan náà wo òtútù àyà Pneumocystis, ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ń lò nígbà náà pọ̀ ju ti ìdènà lọ fíìfíì, ọjọ́ 21 ni wọ́n fi ń lò ó, wọ́n sì ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Iṣẹ́ ilé kọ́ nìyẹn.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù fún mi. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó fẹ́ tọ́jú yín, yálà dọ́kítà tàbí nọ́ọ̀sì abúlé, ẹ sọ fún un pé, "Mo ń lo Septrin lójoojúmọ́." Ẹ ò tiẹ̀ ní láti sọ ìdí rẹ̀ tó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́. Gbólóhùn yẹn nìkan á jẹ́ kó mú ojú kúrò lára Septrin, kó wá oògùn mìíràn. Bí àìsàn náà bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń hu kòkòrò inú ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ jáde nínú àwo, kí wọ́n wo oògùn tó ràn án. Àwọn ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Adó àti Ìdó ń ṣe é. Ó ń gba ọjọ́ mélòó kan, ó sì ń gba owó, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a máa ti oògùn kan bọ́ sórí òmíràn. Ẹ fún wọn ní ìtọ̀ náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kòkòrò lè má hù.

Lọ́jà, nítòsí ibi tí mo ń pàtẹ sí, mo gbọ́ báyìí lẹ́nu obìnrin kan tó dúró síwájú oníkẹ́míìsì:

"Bọ̀dá, inú ń ṣu mí láti àná. Ẹ pò ó fún mi."

"Ti èló?"

Kò bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde. Kò bi í pé kí ló ti lò. Ó ṣí ike mẹ́ta, ó ka Flagyl méjì, kápúsù tetracycline pupa-òun-yẹ́lò méjì, Septrin méjì sínú ìwé kékeré, ó ká a mọ́ra, ó gba owó. Oògùn ọjọ́ kan. Kò pọ̀ tó láti pa kòkòrò kankan tán, ó sì pọ̀ tó láti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Pàápàá, ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ni kì í fẹ́ ańtíbáyótíìkì rárá, omi ORS, omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ló ń fẹ́. Ẹni tó ní HIV tí ìgbẹ́ ń yọ lẹ́nu, kílíníìkì rẹ̀ ni kó gbà lọ, torí ó lè jẹ́ irú kòkòrò tí ìwé kékeré yẹn ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ampiclox tí a máa ń gbé mì fún inú rírun, àti kápúsù tí a ń tú dà sójú egbò. Mi ò tíì mẹ́nu kan àwọn tó ń da tetracycline sínú omi adìyẹ láì tíì rí adìyẹ tó ṣàìsàn. Lọ́dún 2019, iye èèyàn tí bakitéríà tí oògùn ò ràn pa lágbàáyé tó mílíọ̀nù 1.27, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ni ìwádìí náà sì sọ pé ó ti pọ̀ jù, bí a bá wò ó sí iye èèyàn tó ń gbé ibẹ̀.

Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní Septrin yín. Mo mọ̀ pé ó ṣòro, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bèèrè ni kò mọ ìdí tí ẹ fi ní in nílé. Aládùúgbò á ní ọmọ òun ń wúkọ́. Ọkọ á ní nǹkan ọkùnrin òun ń ta òun, á ní kẹ́ ẹ fún òun ní mẹ́ta péré. Àtọ̀sí ni ìyẹn lè jẹ́, Septrin kọ́ ni wọ́n fi ń wò ó mọ́, ẹ̀yin méjèèjì ló sì yẹ kẹ́ ẹ jọ lọ rí dọ́kítà.

Àwọn oògùn ìdènà yòókù

Isoniazid ni wọ́n fi ń dènà ikọ́ fée. Òun náà ń lọ́wọ́ nínú kí kòkòrò di alágídí bí a bá lò ó ségesège. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i dájú pé ikọ́ fée kò tíì sí lára yín, torí oògùn kan ṣoṣo kò tó láti wo ẹni tó ti ní in, kàkà bẹ́ẹ̀ á sọ kòkòrò náà di alágbára. Nítorí náà bí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ ń wúkọ́, bóyá ara yín ń gbóná, bóyá ẹ ń rù, bóyá ẹ ń làágùn lóru, ẹ sọ òótọ́. Àwọn kan máa ń sọ pé rárá sí gbogbo rẹ̀ kí wọ́n lè tètè relé. Tẹ́ ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ lò ó tán.

Azithromycin, ańtíbáyótíìkì mìíràn, yàtọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní REALITY, tí wọ́n ṣe ní Kenya, Malawi, Uganda àti Zimbabwe, fún àwọn tí CD4 wọn kò tó 100 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV ní àkójọ oògùn ìdènà: Septrin, isoniazid, fluconazole tó ń dènà àrùn olú, albendazole tó ń pa aràn, àti azithromycin fún ọjọ́ márùn-ún péré. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2017. Láàárín ọ̀sẹ̀ 24, ikú lọ sílẹ̀ láti 12.2 sí 8.9 nínú 100. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí WHO to àkójọ tirẹ̀ fún àwọn tí àìsàn ti wọ̀ lára, kò fi azithromycin sí i. Nítorí náà, ẹ má lọ fi owó ara yín ra á pé ẹ fẹ́ fi kún ìdènà. Bí dọ́kítà bá rí ìdí tí ẹ fi nílò rẹ̀, á kọ ọ́ fún yín.

Ìgbà tí a lè dá a dúró

Kò sí ẹni tó ń wù láti máa gbé hóró ńlá mì títí. Bí viral load, ìyẹn iye kòkòrò HIV inú ẹ̀jẹ̀, bá ti lọ sílẹ̀ pátápátá tí CD4 sì ti gòkè, ìbéèrè yìí tọ́ sí yín láti bi dọ́kítà. Àwọn ilẹ̀ kan ń dá a dúró fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò. Níbi tí ibà bá ti pọ̀, WHO ní kí wọ́n máa lò ó lọ. Ní Uganda àti Zimbabwe, wọ́n mú àwọn ọmọdé tí oògùn HIV ti ń ṣiṣẹ́ lára wọn, wọ́n dá Septrin àwọn kan dúró, wọ́n jẹ́ kí àwọn kan máa lò ó. Àwọn tí wọ́n dá tiwọn dúró ni wọ́n dá sí ọsibítù jù, nítorí ibà àti àwọn àrùn bí òtútù àyà. 2014 ni àbọ̀ yẹn jáde. Ẹ bèèrè, ṣùgbọ́n ẹ má dá ara yín lóhùn.

Oògùn HIV gan-an ni babańlá ìdènà. Septrin kò lè rọ́pò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni hóró HIV tó pa tenofovir, lamivudine àti dolutegravir pọ̀ kì í pa bakitéríà. Ẹ lo méjèèjì. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, omi tí a sè tàbí tí a fi oògùn omi sí, ọwọ́ tí a fi ọṣẹ fọ̀, àjẹsára ọmọ, gbogbo ìyẹn ló ń dín iye ìgbà tí ẹ máa nílò ańtíbáyótíìkì kù.

Ìpamọ́

Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi oògùn pamọ́ fún àwọn ará ilé. Mi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ìdáná, kì í ṣe ojú fèrèsé tí oòrùn ń pa, kì í sì í ṣe inú ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá máa dà á sínú ike mìíràn, kó jẹ́ ike gbígbẹ tó ní ìdérí tó le, kẹ́ ẹ kọ orúkọ oògùn àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ sí bébà, kẹ́ ẹ ká a sínú rẹ̀. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn mìíràn nínú ike kan. Hóró funfun jọra lálẹ́ tí iná NEPA ò sí. Kí ọwọ́ ọmọdé má tó o.

Bí ẹ bá ń lọ sí ìrìn àjò, ẹ lọ gba tiyín kí ọjọ́ tó pé, kílíníìkì máa ń fún èèyàn bó bá tètè sọ. Ẹ má lọ ra á ní ìsọ̀ tí ẹ kò mọ̀, tẹ́ ẹ bá sì máa rà á rárá, kó jẹ́ ní ilé oògùn tó ní apoògùn, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ ìbàjẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù tàbí tó ti bàjẹ́, ẹ má jù ú sí gọ́tà, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ ikọ́. Ẹ kó o bọ̀ pẹ̀lú káàdì yín ní ọjọ́ tí ẹ bá tún ń bọ̀. Wọ́n á kà á, wọ́n á bi yín bó ṣe jẹ́ tó fi ṣẹ́kù, ẹ sọ fún wọn bó ṣe rí.